Ilé Là Á Wò Kí A Tó Ra RAM

Ọ̀rọ̀ RAM kọ̀ǹpútà ni a fẹ́ sọ lónìí. Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, n kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 2019, nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi, mo máa ń wọ mọ́tò dé Bẹẹrẹ ní àárọ̀ Sátidé, n ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí agbo ilé àwọn ìyá mi ní Beyerunka. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ni mo ń lọ bá. Àwọn ni ìyálé gbogbo obìnrin ilé nígbà náà. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ìyàwó ilé ló máa ń mọ oríkì ọmọ ilé ju àwọn ọmọ ilé fúnra wọn lọ. Wọn á jókòó sórí pèpéle, èmi á gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn á sì bẹ̀rẹ̀. Fáìlì mọ́kànlá ni mo gbà sílẹ̀. Nínú ọ̀kan lára wọn, tí wọn kò tún ṣe irú rẹ̀ mọ́, wọ́n ka orúkọ àwọn ìyàwó tó ti wọ agbo ilé náà láti ìran bàbá ọkọ wọn sókè, àti ìlú tí a ti fẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wá. Ní ọdún 2021, ìyá àgbà papò dà.

Nígbà tí fóònù mi kún, mo kó àwọn fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà tó wà ní pálọ̀ agbo ilé náà, mo dì wọ́n sínú zip kan ṣoṣo, mo sì pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà, àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ti ra RAM tuntun sínú ẹ̀rọ náà.

Ẹ̀rọ HP tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn ọ́fíìsì òkè òkun máa ń tà dànù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra òmíràn. 4GB ni RAM tó bá a wá, Windows 10 sì ń wọ́ lórí rẹ̀ bí ìgbín. Bọ̀ọ̀dá ra 8GB mọ́ ọn. Inú páálí ni wọ́n ti yọ ọ́, ó ń dán, orúkọ ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wà lára rẹ̀, iye owó rẹ̀ sì dín púpọ̀ sí ti gbogbo ìsọ̀ yòókù. Ó yẹ kí iye owó yẹn ti fu wá lára.

Ẹ̀rọ náà yá fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì. Lẹ́yìn náà, láìròtẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á kàn di aró, á kọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ síbẹ̀, á sì kú. Á tún jí. A bú àwọn oníná. A ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ìyá ìyàwó Bọ̀ọ̀dá tilẹ̀ ní kí a gbàdúrà sí i. Kò sí ẹni tó fura sí RAM, nítorí pé òun ni ohun tuntun kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀rọ náà, a sì rò pé ohun tuntun kì í tètè bàjẹ́.

Ọjọ́ tí mo wá fẹ́ tú zip náà, ẹ̀rọ sọ pé mẹ́ta nínú fáìlì mọ́kànlá ti bàjẹ́. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà kan ní ìsàlẹ̀ òkè Mapo, lójú ọ̀nà Bẹẹrẹ. (Gbogbo ẹni tó bá ti mú skrudiráfà lọ́wọ́ ni à ń pè ní ẹnjiníà ní ìlú wa, ṣùgbọ́n orúkọ náà tọ́ sí eléyìí.) Kò tilẹ̀ wo háàdì. Ó fi fláàṣì kan tan ẹ̀rọ náà, kí a sì tó mu omi inú ọ̀rá tán, ìlà pupa ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú rẹ̀. RAM ni. Ó bá wa yọ ohùn díẹ̀ jáde nínú méjì lára àwọn fáìlì mẹ́ta náà. Ìkẹta, èyí tí orúkọ àwọn ìyàwó wà nínú rẹ̀, kò ṣeé gbọ́ títí di òní.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kó sílẹ̀ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ óò pè é. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ ní Queen Cinema tí ẹ sọ pé mẹ́mórì lẹ fẹ́ rà, káàdì fóònù ni wọn á kó síwájú yín. RAM ni kí ẹ sọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ó ronú sí ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà'ba. Ìyá yìí ní ìsọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ sí, ó sì ní àtẹ níwájú. Háàdì ni ìsọ̀, RAM ni àtẹ. Aṣọ tí oníbàárà bá ń yẹ̀ wò lọ́wọ́ ni ìyá náà ń gbé sórí àtẹ. Bí àtẹ bá kéré, yóò máa sáré wọlé sáré jáde, oníbàárà á sì dúró títí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àtẹ á ṣófo. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ fi ń ṣègbé nígbà tí iná bá lọ lójijì. Ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tó ń wọ inú ìsọ̀ yìí, tàbí tó ń jáde níbẹ̀, tí kì í gba orí àtẹ kọjá. Bí ìṣó bá yọ lójú àtẹ tó ń fa aṣọ ya, aṣọ tó ti ya ni ẹ óò máa kó pamọ́ sínú ìsọ̀, ẹ kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ bá tú u wò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ohùn ìyá àgbà nìyẹn.

Kí ló ń mú RAM ṣàṣìṣe? Nínú chip rẹ̀, ohun tó ń di ọ̀rọ̀ mú kò ju ìkòkò iná tín-ín-tìn-ìn-tín lọ. Bí iná bá wà nínú ìkòkò, 1 ni. Bí kò bá sí, 0 ni. Robert Dennard, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM, ló ronú kan ọ̀nà yìí, ìwé àṣẹ ìhùmọ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1968. Ìkòkò náà ń jò láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Nítorí náà ni ẹ̀rọ fi ń bu iná kún gbogbo wọn láìsinmi, léraléra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. RAM 8GB ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 68. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá ń jò ju bó ti yẹ lọ, 1 di 0 nìyẹn. Àwa tí à ń kọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí irú ìyípadà kékeré bẹ́ẹ̀ lè dá sílẹ̀: àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀.

Kì í ṣe RAM olówó pọ́ọ́kú nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọdún 2009, Bianca Schroeder ti Yunifásítì Toronto àti àwọn òṣìṣẹ́ Google méjì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀rọ Google fúnra rẹ̀. Wọ́n rí i pé láàárín ọdún kan, ó ju 8 nínú 100 RAM lọ tó ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n RAM àwọn ẹ̀rọ ńlá bẹ́ẹ̀ ní ohun tó ń ṣọ́ ọ, tó ń rí àṣìṣe, tó sì ń tún un ṣe. ECC ni wọ́n ń pè é. Èyí tó pọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà ilé kò ní in. Bí RAM tiwa bá ṣìnà, kò sí ẹni tí yóò pariwo. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí á mọ irú ẹni tí à ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ àti ilé tó ti wá.

Àwọn àgbà sì ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ RAM, orúkọ tó wà lára sítíkà lè má jẹ́ orúkọ ilé tí a ti bí i. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú chip RAM gbogbo àgbáyé: Samsung àti SK Hynix ní South Korea, àti Micron, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Boise ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1978. Nanya ti Taiwan àti CXMT ti Ṣáínà náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn mẹ́ta yẹn ni èèkù idà wà.

Kingston, Corsair, G.Skill, ADATA àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kì í ṣe chip RAM rárá. Wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn ilé ńlá, wọ́n ń tò ó sórí pátákó, wọ́n ń dán an wò, wọ́n sì ń lẹ orúkọ ara wọn mọ́ ọn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Aránṣọ kọ́ ló hun aṣọ tó ń rán. Kingston, tí John Tu àti David Sun dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1987, bẹ̀rẹ̀ nítorí pé irú chip kan wọ́n gógó lásìkò náà, tí àwọn méjèèjì sì wá ọgbọ́n fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Orúkọ wọn ti dúró láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n máa ń ra chip lọ́dọ̀ ẹni tó bá ní in lọ́wọ́, RAM Kingston méjì tó ní nọ́ńbà kan náà lè ní chip ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú. Ohun tí ẹ ń sanwó rẹ̀ fún wọn ni àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe àti gáráńtì tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn.

Crucial ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ tí Micron fúnra rẹ̀ fi ń tajà fún aráàlú tẹ́lẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n rà á, nítorí pé ilé tó bí ọmọ náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ṣeni láàánú pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Micron kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú òwò Crucial. Àwọn tó ń kọ́ ilé ẹ̀rọ AI ń ra chip tó pọ̀, wọ́n sì ń san owó tó jọjú, ilé-iṣẹ́ náà sì yàn láti kọjú sí irú àwọn oníbàárà ńlá bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ṣì wà ní ìsọ̀ ṣeé rà, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: orúkọ tí wọn kò ṣe mọ́ ni àwọn oníjìbìtì máa ń fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ọjà wọn.

Ohun kan náà ló mú kí owó RAM fò sókè káàkiri ayé láti ìparí ọdún 2025. Ó sì bọ́ sí àkókò tí kò dára fún wa, nítorí pé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Microsoft dẹ́kun àbójútó Windows 10, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń wá bí wọn yóò ṣe mú ẹ̀rọ wọn gba Windows 11. Nígbà tí ọjà bá wọ́n báyìí ni ayédèrú máa ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ta RAM fún yín ní ìdajì iye tí gbogbo ọjà ń tà á, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn yín.

Kí ni kí ẹ rà nígbà náà? Ìdájọ́ tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní fara mọ́ ọn. Fún kọ̀ǹpútà ilé ní Ìbàdàn, mo fẹ́ràn RAM tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ láti inú ẹ̀rọ ọ́fíìsì HP, Dell tàbí Lenovo, tí sítíkà Samsung, SK Hynix tàbí Micron wà lára rẹ̀, ju RAM tuntun tí n kò mọ orísun rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ bà yín lẹ́rù. RAM kò dà bí táyà tàbí bátìrì. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń jẹrà kíákíá. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ọ́fíìsì kan tí kò dá wàhálà sílẹ̀ ti yege ìdánwò tí èyí tó wà nínú páálí kò tíì jókòó sí. Bí ẹ bá ní owó tuntun, Kingston tàbí Corsair dára, bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó lè kọ rìsíìtì fún yín tó sì ní ìsọ̀ tí ẹ óò tún bá a ní ọ̀la. Gáráńtì ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí dùn ún kà, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè bóyá ẹ óò fi RAM kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí òkè òkun láti Beyerunka. Gáráńtì yín gan-an ni ojúlówó ẹni tó tà á.

Ẹ kọ́ láti ka ara rẹ̀. Lára RAM Samsung tí dẹ́sítọ́ọ̀pù ń lò, nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M378. Ti láàpútọ́ọ̀pù ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M471. Ti SK Hynix máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú HM, ti Micron pẹ̀lú MT, ti Kingston pẹ̀lú KVR tàbí KF. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ PC sí. PC3 túmọ̀ sí DDR3, PC4 túmọ̀ sí DDR4, PC5 túmọ̀ sí DDR5. Ihò tó wà ní etí wọn kò sí ní ojú kan náà, ẹ̀yà kan kò sì lè wọ ilé ẹ̀yà kejì. Bí ó bá kọ̀, ẹ má fipá tì í. Bí L bá tẹ̀lé PC3, irú èyí tó ń lo iná díẹ̀ ni, 1.35V dípò 1.5V, àwọn láàpútọ́ọ̀pù kan kò sì gba òmíràn.

Lẹ́tà tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí gbèsè ni R. Bí ẹ bá rí ohun bíi PC4-2400T-R lára RAM, ti ẹ̀rọ ńlá ilé-iṣẹ́ ni. Ó jọ ti ilé bí ìbejì ṣe ń jọra, ó ń wọ ihò náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé kò ní í tàn pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun ń kó o dànù lọ́pọ̀ yanturu, ó máa ń pọ́ọ́kú, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tà á kò sì fi gbogbo ìgbà mọ̀ pé ó yàtọ̀. U ni ẹ ń wá fún dẹ́sítọ́ọ̀pù, S fún láàpútọ́ọ̀pù. RAM DDR3 kan tún wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé AMD nìkan ló wà fún. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ Intel, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Sítíkà ṣeé tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé èyíkéyìí, nítorí náà kíkà nìkan kò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi RAM náà sínú ẹ̀rọ lójú yín, kí wọ́n ṣí CPU-Z, kí wọ́n lọ sí ojú ewé SPD. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí orúkọ ẹni tó to RAM náà, àti ẹni tó ṣe chip rẹ̀ nígbà púpọ̀. Bí sítíkà bá ń pe Samsung tí ojú ẹ̀rọ ń pe orúkọ tí ẹ kò gbọ́ rí, tàbí tí ibẹ̀ ṣófo, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ. Ẹni tó gbọ́n púpọ̀ lè yí ohun tó wà níbẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì ọjà wa kì í sábà ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò ló kù, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Windows ní tirẹ̀: ẹ tẹ mdsched síbi tí ẹ ti ń wá nǹkan, yóò tún ara rẹ̀ tàn, yóò sì yẹ RAM wò. Èyí tí mo fọkàn tán jù ni MemTest86, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹ óò kọ sórí fláàṣì. Ẹ jẹ́ kó ṣe ẹsẹ̀ kan ní ìsọ̀, bí ẹni tó ń tajà bá ní sùúrù tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ní epo. Bí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kó ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin mọ́jú, ní òru tí ẹ mọ̀ pé iná yóò dúró. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kékeré ni. Bí RAM méjì bá wà nínú ẹ̀rọ, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má baà ju ẹni rere dànù mọ́ ẹni burúkú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ jọ sọ ọ́: mo fẹ́ lọ dán an wò mọ́jú, bí kò bá dára, n óò dá a padà ní ọ̀la, ẹ óò sì fún mi ní òmíràn tàbí owó mi. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sára rìsíìtì. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á padà, ohunkóhun tí wọn ìbáà kọ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì nípa pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà. Èmi kò mọ ẹni tó ti gbé ọ̀rọ̀ RAM kan dé kóòtù. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó mọ̀ pé ojúlówó ni ọjà òun kì í jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá kò béèrè. Nígbà tí ó fi máa padà lọ, wọ́n ní àwọn kọ́ ni àwọn tà á.

Ohun kékeré kan nípa ìgbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ máa ń gbẹ lásìkò náà, iná kékeré sì máa ń kó sí ara wa, irú èyí tó ń ta wá nígbà tí a bá bọ́ ẹ̀wù ọlọ́ràá. Ó lè ba chip jẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fọwọ́ kan irin ara kọ̀ǹpútà kí ẹ tó mú RAM, kí ẹ sì dì í mú ní etí méjèèjì. Bí RAM tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bá sì ṣàdédé kọ̀, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi résà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín rẹ̀ tó dà bí wúrà rọra, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí tí yóò fi dún. Mo ti fi résà ti náírà díẹ̀ jí kọ̀ǹpútà méjì báyìí.

8GB tó fún ẹni tó ń tẹ̀wé tó sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń to fídíò pọ̀ á nílò 16GB. Inú ẹ̀rọ ilé Beyerunka, RAM Samsung 4GB méjì ló wà báyìí, tí wọ́n yọ nínú HP mìíràn. Òru méjì gbáko ni mo fi dán wọn wò, ìlà pupa kan kò yọ. Ohùn ìyá àgbà tó kù wà lórí ẹ̀rọ náà, ó wà lórí fláàṣì, ó sì tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

RAM tó bàjẹ́ náà ṣì wà nínú àpótí lọ́dọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi èékánná họ sítíkà rẹ̀ kúrò, kí n lè mọ ilé tó ti wá. Chip mẹ́jọ ló wà lójú kan, mẹ́jọ lójú kejì. Wọ́n ti ha orúkọ kúrò lára gbogbo wọn.